Irú Àtúnṣe Ilé Tó Wà àti Èyí Tó Yẹ Kó Ṣáájú

Iṣẹ́ tí a ń ṣe sí ilé tí a ti kọ́ tán pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àtúnṣe tí kì í jẹ́ kí ilé bàjẹ́, àtúnṣe tó ń mú kí inú ilé tura, àti àfikún tó ń yí ètò ilé padà. Bí owó bá dé ọwọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní Kubwa, Nyanya àti Gwagwalada máa ń kọ́kọ́ ra ọ̀dà àti táìsì nígbà tí òrùlé ṣì ń jò. A rọ̀ yín pé kí iṣẹ́ tó ń dènà omi ṣáájú iṣẹ́ ẹwà.

Ní Abuja, òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a sì máa dá ní oṣù kẹwàá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí káfíńtà gun òrùlé, nítorí pé ojú ìṣó tó ti tú, tàbí tí rọ́bà ìdí rẹ̀ ti gbó, ni omi sábà máa ń gbà wọlé. Kí ó wo igi òrùlé pẹ̀lú, bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ tó ń kó àpò àgbàdo tàbí ẹ̀wà pa mọ́ sínú yàrá kò gbọdọ̀ fi èyí falẹ̀, torí àgbàdo tó bá rin yóò bu. Ẹni tó ń gbé ilé amọ̀ ní ìhà Zaria tàbí Kano gbọ́dọ̀ tún ara ògiri rẹ́ kí òjò tó dé.

Ògiri tó sán ń fẹ́ àkíyèsí gidi. Ìlà tín-ín-rín tó wà lójú rírẹ́ nìkan kò léwu. Ṣùgbọ́n èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tó dábùú lọ sísàlẹ̀, tó sì fẹ̀ débi pé owó ẹyọ lè wọ inú rẹ̀, sábà máa ń fi hàn pé ìpìlẹ̀ ń rì lápá kan. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì. Bí ó bá ti kọjá àmì náà, ẹ má ṣe rẹ́ ẹ bò. Ẹ pe ẹnjiníà, kí ẹ sì wá gọ́tà tó dí tàbí páìpù tó ń jò sí ìdí ògiri náà. Ibikíbi tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì tuntun sí, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fa omi inú rẹ̀ kí ó tó le dáadáa.

Ní ti ìtura, fèrèsé méjì tó kọjú síra, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti igi dóńgóyárò ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ń ṣe púpọ̀ nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ wáyà tí wọ́n fà fún gílóòbù.

Àfikún ló ń fa wàhálà jù. Kí ẹ tó fi yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù kún ilé ní Abuja, ẹ gba ìwé àṣẹ ní Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ níbẹ̀, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ tiyín, torí wọ́n lágbára láti wó ohun tí a kọ́ láìgba àṣẹ. Kí ayálégbé gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ onílé kó tó náwó. Ṣáláńgá tuntun gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga, ó kéré tán 30 mítà.

Ẹ kọ àdéhùn owó iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti ń lọ. Fún iṣẹ́ òrùlé, ẹ bá káfíńtà ṣàdéhùn pé apá kan yóò dúró títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀.