Bí A Ṣe Ń Lo Ọjọ́ Ayé Ẹni fún Ọlọ́run: Ohun tí Iṣẹ́ Ìṣirò Owó Kọ́ Mi

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ibi tí owó gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Àmọ́ nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 39, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí ọjọ́ ayé tèmi ń gbà jáde, n kò ní rí ìdáhùn kankan fọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún 27 ni mo ti ń retí ìpè. Ẹnì kan sọ fún mi níbi àdúrà pé iṣẹ́ ńlá ń bẹ níwájú mi, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn. Mo gbààwẹ̀ lé e, mo ṣọ́ òru lé e. Ọdún 12 kọjá. Gbogbo ohun tó bá wá bá mi láàárín ìgbà yẹn ni mo ń wò pé kì í ṣe òun nìyí, kó yà fún iṣẹ́ ńlá. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe dìde kúrò lórí ìjókòó yẹn, kí ẹ̀yin má baà jókòó pẹ́ tó mi.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́

Ẹ ka Éfésù orí 2, ẹsẹ 8 sí 10, kí ẹ má já a sí méjì. Ẹsẹ 8 àti 9 ní oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là, pé kì í ṣe nípa iṣẹ́. Ẹsẹ 10 ní a dá wa nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere tí Ọlọ́run ti pèsè sílẹ̀. Ẹni tó bá mú ìparí rẹ̀ láìmú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run bí ẹni ń san gbèsè, gbèsè náà kò sì ní tán láé. Mo ti rí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí ara wọn bàjẹ́, tí inú wọn sì korò sí ìjọ. Kí ẹ tó dá lé iṣẹ́ kankan, ó yẹ kó dá yín lójú pé ẹ ti jẹ́ ọmọ nínú ilé.

Ẹ ka wákàtí yín

Sáàmù 90, èyí tí wọ́n pè ní àdúrà Mósè, bẹ Ọlọ́run pé kó kọ́ wa láti máa ka ọjọ́ wa. Ẹsẹ 10 níbẹ̀ fi ọdún ayé ẹni sí 70, tàbí 80 bí agbára bá wà. Ọdún 70 kò ju nǹkan bí 25,500 ọjọ́ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo pé ọdún 39, mo ṣírò tèmi: mo ti ná ju 14,000 lọ. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni mo ní kí ẹ̀yin náà ṣe. Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ ohun tí ẹ fi wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ti ọba kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe yí ìwà yín padà nítorí ìwé náà. Ẹ ṣáà kọ ọ́ bó ṣe rí. Tèmi rèé: oorun 50, iṣẹ́ àti ìrìnnà 54, oúnjẹ, ìwẹ̀ àti iṣẹ́ ilé 25, ìjọsìn àti àdúrà 8, tẹlifíṣọ̀n 19. Ó ku 12 tí n kò rí orúkọ fún. Fún ọdún púpọ̀ ni mo ti ń sọ fún Ọlọ́run pé àyè ni n kò ní.

Kí ló wà lọ́wọ́ yín?

Ìbéèrè tí Ọlọ́run bi Mósè nìyẹn ní Ẹ́kísódù 4:2. Ọ̀pá tí Mósè fi ń da ẹran ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá yẹn náà ló sì gbé lọ síwájú Fáráò.

Àwọn kan á ní ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn kéré. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú oníṣirò wo òwe tálẹ́ńtì tó wà nínú Mátíù 25 fún yín, níbi tí ọ̀gá kan ti fi owó sí ìkáwọ́ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Tálẹ́ńtì kan tó dínárì 6,000, dínárì kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà, bí a ṣe rí i nínú Mátíù 20. Bí ènìyàn bá ń fi 300 ọjọ́ ṣiṣẹ́ lọ́dún, ogún ọdún ni yóò fi rí tálẹ́ńtì kan. Ẹni tí wọ́n fún ní ẹyọ kan yẹn, owó iṣẹ́ ogún ọdún ló gbẹ́ ilẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo rí èyí, mo jáwọ́ nínú pípe ohun tí Ọlọ́run fún mi ní kékeré.

Ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Kí ni àwọn ènìyàn máa ń wá bá yín fún láìjẹ́ pé ẹ polówó rẹ̀? Kí ni ẹ lè ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú tí ẹ kò ní mọ̀? Ìyà ta ni ẹ máa ń rí tí ọkàn yín kì í jẹ́ kí ẹ kọjá lọ? Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lè sọ yín di olówó lásán. Ìkẹta ló ń fi ẹni tí a rán yín sí hàn.

Bó ṣe hàn sí èmi rèé. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa pàdánù ọkọ rẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, ó gbé àpò kan wá bá mi, ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn ìwé yìí. N kò mọ èyí tí mo lè sọ nù.” Rìsíìtì wà níbẹ̀, ìwé báńkì wà níbẹ̀, ìwé àdéhùn ilé, lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ọ̀sán Sátidé mẹ́ta la fi jókòó tì í. A rí gbèsè méjì tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, a sì rí owó tí ẹnì kan jẹ ọkọ rẹ̀, tó tó láti san ọ̀kan nínú gbèsè náà. Bí mo ṣe fa ìlà sábẹ́ àròpọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ ìsìnkú, òun kò tíì sùn mọ́jú rí.

Mo délé, mo ṣí Jákọ́bù 1:27, níbi tó ti ní ẹ̀sìn tó mọ́ ni kí a máa bójú tó àwọn ọmọ aláìníbaba àti àwọn opó nínú ìpọ́njú wọn. Mo ti ka ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ tí mo ń retí ti wà níwájú mi, nínú àpò. Ẹ wo Dọ́káàsì náà nínú Ìṣe 9: nígbà tó kú, aṣọ tó rán ni àwọn opó gbé dání tí wọ́n ń fi han Pétérù. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti ní ó rí ìran.

Ẹ dán an wò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pààlà sí i

Ẹ má fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ nítorí pé ọkàn yín gbóná. Pọ́ọ̀lù ń pa àgọ́, ó sì ń wàásù. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ fún un ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá ń sèso, ẹni kejì á wá. Lọ́dọ̀ tèmi, opó àkọ́kọ́ yẹn ló mú ìkejì wá.

Ààlà tèmi ni pé n kì í gba kọ́bọ̀, n kì í fọwọ́ kan owó wọn, ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ wọn kan sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí a bá jókòó sí. Irú ààlà tí iṣẹ́ tiyín ń fẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Máàkù 1:35 ní Jésù dìde ní kùtùkùtù lọ gbàdúrà níbi tó dá. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí i, wọ́n ní gbogbo ènìyàn ló ń wá a. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sí àwọn ìlú mìíràn, torí ìdí tí òun fi wá nìyẹn. Àdúrà òwúrọ̀ ló fún un ní ẹnu láti sọ pé rárá sí ohun tó dára. Ìgbìmọ̀ márùn-ún ni mo wà nínú ìjọ. Mo fi mẹ́ta sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni: “Mo gbọ́ yín. Ọwọ́ mi kún. Ta ni a tún lè bá sọ ọ́?” N kì í fi àlàyé kún un.

Ilé àti ara yín ńkọ́?

Níbi yìí ni mo ti ṣẹ̀. Ní ọdún kejì, ọmọbìnrin mi gbé iṣẹ́ ìṣirò ilé ìwé rẹ̀ wá bá mi, mo ní kó dúró ná. Ìwé ẹlòmíràn wà lórí tábìlì. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ìwé ilé onílé lẹ mọ̀ ọ́n kà. Ti ọmọ yín ńkọ́?” N kò rí èsì fọ̀, torí òótọ́ ló sọ. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè ti di ti ọmọ náà, opó kankan kì í sì í gbà á. Ẹ kọ ti ilé yín sínú ìwé wákàtí yẹn kí ẹ tó kọ ti ẹnikẹ́ni.

Bó bá rẹ̀ yín, ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà ní kí òun kú. Áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Ó ní kó jẹun, Èlíjà sì tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó dé òkè Hórébù ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ẹ máa padà sí ìbéèrè Mósè lọ́dọọdún, torí ìdáhùn rẹ̀ ń yí padà. Mo ti pé 63 báyìí, ojú mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí nọ́ńbà wẹ́wẹ́ mọ́. Nígbà kan, bírò ló wà lọ́wọ́ mi. Ní báyìí, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo mọ ìwé tó yẹ ká kọ́kọ́ wá: èyí tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé, ìyẹn ìwé ilé àti lẹ́tà gbèsè, ká tó kan rìsíìtì. Mo wá ọ̀dọ́ méjì; ọ̀kan ń kà á sókè, ọ̀kan ń kọ ọ́. Ní Sátidé tó kọjá, àpò tuntun kan dé. Kí n tó la ẹnu, èyí tó kéré nínú wọn ti yọ ìwé àdéhùn ilé sọ́tọ̀.