Bí a ṣe ń mú líle ọfà kábọ̀n àti ìwúwo orí rẹ̀ bá ọrun àbáláyé mu

Ọfà tí kò bá ọrun mu kì í fò tààrà, ì báà jẹ́ ògbójú tafàtafà ló ta á. Ìdí rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì, á dún gbà mọ́ ara ọrun bó ṣe ń kọjá, bó bá sì dé ibi àmì, á gún un ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ọwọ́ àwọn ni kò dáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ọfà ló le jù tàbí tó rọ̀ jù fún ọrun tí wọ́n dì mú.

Ọrun àbáláyé ni mò ń sọ, ọrun tí kò ní kẹ̀kẹ́ létí: longbow, ọrun gígùn, àti recurve, èyí tí etí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, tí a ń fi ìka fà, tí ọfà ń sùn lé pẹpẹ kékeré ẹ̀gbẹ́ ìdìmú rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọ̀pá kábọ̀n, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Gígùn ọ̀pá àti ìwúwo orí la fi ń ṣe ìyókù iṣẹ́, ọfà tí a kò tíì lẹ ìyẹ́ mọ́ ló sì ń sọ ibi tá a bá a dé.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń wí

Àwọn tafàtafà ń pe nọ́ńbà yìí ní spine. Bí wọ́n ṣe ń rí i ni pé wọ́n á gbé ọ̀pá lé òpó méjì tó fi ínṣì 28 jìnnà síra, wọ́n á so ìwọ̀n páùn 1.94, ìyẹn gíráàmù 880, mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n á wá wo bó ṣe tẹ̀ sísàlẹ̀ tó. Èyí tó bá tẹ̀ ní ìdajì ínṣì, 0.500, òun ni 500. Èyí tó tẹ̀ ní 0.400 ni 400. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ọ̀pá ń le sí i. Ẹni tó ti ń lo ọfà onígi tẹ́lẹ̀ ní láti ṣọ́ra níbí, torí páùn ni wọ́n fi ń ka líle ọfà onígi, tiwọn sì ń le sí i bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i.

Ọ̀pá tó dúró jẹ́ẹ́ lórí òpó ni wọ́n wọ̀n bẹ́ẹ̀. Lórí ọrun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ara ọrun wà lọ́nà ọfà, ọfà kò sì sùn sí àárín gbùngbùn. Bí ọsán bá ti ń bọ́ lára ìka, ó máa ń yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó sáré síwájú. Ó ń ti ìdí ọfà gan-an nígbà tí orí tó wúwo kò tíì fẹ́ kúrò lójú kan, ọ̀pá á sì tẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ó á kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́ ọrun, á tún tẹ̀ padà sódì kejì, ìtẹ̀padà yẹn ló ń jẹ́ kí ìdí ọfà àti ìyẹ́ rẹ̀ kọjá láìfi ara kan ọrun. Ọ̀pá tó le jù kì í tẹ̀ tó. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, òsì ló máa ń kọrí sí. Èyí tó rọ̀ jù á tẹ̀ kọjá ààlà, á yà sọ́tùn-ún. Kí ọlọ́wọ́ òsì yí gbogbo òsì àti ọ̀tún tí mo bá kọ níbí padà.

Ohun tó ń mú ọ̀pá kan náà hùwà bí èyí tó rọ̀ pọ̀: bó bá gùn sí i, bí orí rẹ̀ bá wúwo sí i, bí ọrun bá lágbára sí i, tàbí bí ọsán bá jẹ́ irú tuntun tí kì í nà, tó ń ti ọfà kíákíá ju Dacron, ọsán tó máa ń nà díẹ̀, lọ. Ọrun tí wọ́n gé ìdìmú rẹ̀ wọnú dé àárín tàbí kọjá àárín lè gba ọ̀pá tó le. Longbow tí wọn kò gé wọnú ń fẹ́ èyí tó rọ̀, torí ọfà ní ọ̀nà jíjìn láti tẹ̀ yí ìdìmú ká.

Ẹ kọ́kọ́ mọ agbára ọrun lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọrun, bíi 45# @ 28", túmọ̀ sí páùn 45 bí èèyàn bá fà á dé ínṣì 28. Bí tiyín kò bá dé ínṣì 28, agbára yẹn kọ́ lẹ ní. Ẹ fi ọfà gígùn kan sọ́sán, ẹ fà á dé ibi tẹ́ ẹ máa ń fà á dé, kí ẹnì kan sàmì sí ọ̀pá náà níbi tó ti bá ojú iwájú ọrun mu. Láti inú ihò nock, ìyẹn ìdí ọfà tó há ọsán, títí dé àmì yẹn ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ wá fi òṣùwọ̀n agbékọ́ fa ọsán dé gígùn kan náà, kẹ́ ẹ ka ohun tó bá fi hàn. Lórí ọ̀pọ̀ ọrun, ínṣì kan lè jẹ́ páùn 2 sí 3, ẹni tó ń fa ọrun 45 dé ínṣì 27 péré lè wà ní bíi páùn 42. Páùn 42 yẹn la ó fi yan ọfà.

Ẹ ra ọ̀pá díẹ̀, ẹ má tíì gé e

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá mẹ́fà ti tó fún ìdánwò, àti àkópọ̀ orí ìdánwò tó ń dè tó sì ń tú: grain 100, 125, 145, 175, 200. Grain 15.4 ló wà nínú gíráàmù kan, orí 125 jẹ́ bíi gíráàmù 8.

Fún ọrun tí wọ́n gé dé àárín, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ bíi ínṣì 29 tàbí 30, tí orí sì jẹ́ grain 125, ibi tí mo máa ń sọ pé kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni 700 fún páùn 30 sí 35, 600 fún páùn 40, 500 fún páùn 50, àti 400 fún páùn 60. Ẹni tó bá fẹ́ gbé orí tó wúwo gan-an, ká ní 200, kó sún sí ọ̀pá tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ipele kan. Bí ọrun kò bá gé dé àárín, kó sún sí èyí tó rọ̀.

Bí ọ̀pá bá ṣe dé láti ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lò ó, ní gígùn rẹ̀ pátápátá. Ọ̀pá gígùn á rọ̀, gígé ló máa mú un le, ẹ sì lè gé e nígbàkigbà. Èyí tẹ́ ẹ bá ti gé kò ṣeé nà mọ́. Insert, irin kékeré tí a ń tẹ̀ bọ ẹnu ọ̀pá kí orí lè rí ibi dè mọ́, ẹ fi àtè tó ń yọ́ nínú ooru díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ kó lè ṣeé yọ. Irin orí ni kẹ́ ẹ yáná fún, kì í ṣe ọ̀pá, nítorí iná máa ń ba kábọ̀n jẹ́.

Ẹ to ọrun kẹ́ ẹ tó dá ọfà lẹ́bi

Ẹ wo gíga ọsán sí ìdìmú, ìyẹn bí ọsán ṣe jìnnà sí ìdìmú nígbà tí a kò tíì fà á, bí ẹni tó ṣe ọrun ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi í síbẹ̀ jálẹ̀ gbogbo ìdánwò. Ẹ so àmì nock mọ́ ọsán ní bíi ìdajì ínṣì lókè ibi tó bá pẹpẹ dọ́gba. Ẹni tó ń fi ìka mẹ́ta fà á lábẹ́ ọfà sábà máa ń nílò kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yanjú òkè àti ìsàlẹ̀: bí ọfà tí kò níyẹ̀ẹ́ bá ń gún ìsàlẹ̀ àwọn oníyẹ̀ẹ́, àmì nock ga jù, bó bá ń gún òkè, ó rẹlẹ̀ jù. Kò sí àǹfààní nínú kíka òsì àti ọ̀tún nígbà tí ìdí ọfà bá ṣì ń ta lórí pẹpẹ.

Ìdánwò fúnra rẹ̀

Ẹ lẹ ìyẹ́ mọ́ ọ̀pá mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀ láìníyẹ̀ẹ́, gígùn kan náà, orí kan náà. Ìyẹ́ ẹyẹ ni kẹ́ ẹ lò, torí oníke máa ń kọ lu pẹpẹ. Ẹ yí téèpù díẹ̀ mọ́ ìdí àwọn tí kò níyẹ̀ẹ́ títí ìwúwo wọn á fi dọ́gba pẹ̀lú tàwọn yòókù. Àmì yín gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó rọ̀, kí ohunkóhun má sì sí lẹ́yìn rẹ̀ tí ọfà tó yà lè lọ bà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní yáàdì 10, bíi mítà 9. Ẹ ta àwọn oníyẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ ta àwọn tí kò níyẹ̀ẹ́. Ibi tí ìdìpọ̀ méjèèjì gún ni kẹ́ ẹ fi wéra. Bí àwọn tí kò níyẹ̀ẹ́ bá wà ní apá òsì àwọn oníyẹ̀ẹ́, ọ̀pá le jù. Bí wọ́n bá wà ní apá ọ̀tún, ó rọ̀ jù. Ibi tí wọ́n gún ni mo gbà gbọ́ ju bí ìdí wọn ṣe yà lọ, torí ohun tí wọ́n fi ṣe àmì lè lọ́ ọfà bó ṣe ń wọlé. Bí àwọn tí kò níyẹ̀ẹ́ bá sì fọ́n káàkiri, tí ọ̀kan wà lósì tí èkejì wà lọ́tùn-ún, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìtúwọ́ ni kò tíì dọ́gba. Ẹ sinmi, ẹ tún un ta.

Ìdẹkùn kan wà tó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fi owó ṣòfò. Ọ̀pá tó le ju bó ṣe yẹ lọ púpọ̀ lè fi ìdí gbá ẹ̀gbẹ́ ọrun kó sì ta padà sọ́tùn-ún, tí á wá dà bí ẹni pé ó rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ra èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wàhálà á pọ̀ sí i. Ẹ tẹ́tí sí ọrun: bó bá ń dún gbà bí ọfà ṣe ń kọjá, ẹ fura. Ẹ fi àtíkè fín ẹ̀yìn ọ̀pá, láti ìdí títí dé ínṣì mélòó kan síwájú, kẹ́ ẹ tà á lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀pá bá kan ọrun, ojú ibẹ̀ á mọ́ fẹẹrẹ láàárín àtíkè, ẹ sì máa rí funfun rẹ̀ lára awọ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Ẹ wá dè orí tó wúwo gan-an mọ́ ọn. Bí ọfà bá yà wá sí àárín dípò kó tún lọ sọ́tùn-ún sí i, líle ló ń ṣe é.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Bó bá le jù, ẹ gbé orí tó wúwo sí i, 125 di 145, 145 di 175. Bí orí bá ti wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì tíì tó, insert onídẹ wà tó tó grain 50 sí 100. Ẹ tún lè yọ awọ tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ kẹ́ ẹ fi fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Bó bá rọ̀ jù, ẹ gbé orí tó fúyẹ́, tàbí kẹ́ ẹ lẹ awọ kún ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, tàbí kẹ́ ẹ gé ọ̀pá.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi orí súnmọ́ ibi tẹ́ ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ wá fi gígé parí rẹ̀. Ìdá mẹ́rin ínṣì ni kẹ́ ẹ máa gé lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún un ta kẹ́ ẹ tó gé òmíràn. Kí ọ̀pá má kúrú dé ibi tí orí rẹ̀ á ti wọ ọwọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá fà á tán. Òkúta ayíbíríbírí tó ń lọ kábọ̀n ni kẹ́ ẹ fi gé e, kì í ṣe ọ̀bẹ ayípo tí wọ́n fi ń gé páìpù, èyí tó ń fọ́ ẹnu ọ̀pá. Ẹ bo imú, ẹ bo ojú, ẹ fi omi rin ín, nítorí eruku kábọ̀n kò dáa nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìdìpọ̀ méjèèjì bá ti ń pàdé ní yáàdì 10, ẹ lọ sí 15, lẹ́yìn náà 20. Bí àwọn tí kò níyẹ̀ẹ́ bá rọ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá yọ téèpù tẹ́ ẹ sì lẹ ìyẹ́, ìyẹ́ á tún ìyókù ṣe.

Ìwúwo gbogbo ọfà

Ọ̀pá 600 tó ń wọn grain 8 ní ínṣì kan, tó gùn ní ínṣì 30, jẹ́ 240. Ẹ fi orí 125 kún un, insert 15, nock 10, ìyẹ́ mẹ́ta bíi 10: ó di 400. Lórí ọrun wa tó jẹ́ páùn 42, grain 9.5 ló kan páùn kọ̀ọ̀kan, ibi tó dára nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tafàtafà ń wà láàárín 8 sí 10, ẹ sì wo iye tí ẹni tó ṣe ọrun yín ní kó má kéré jù. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá, ṣùgbọ́n ọfà tó fúyẹ́ jù lè la apá ọrun gan-an, torí agbára tí ọfà kò rí gbé lọ yóò padà sínú igi.

Ẹ gbé ọfà tó ti pé lé etí ọ̀bẹ kan kẹ́ ẹ wá ibi tó ti dúró láìfì. Bí gígùn láti ihò nock dé ẹnu ọ̀pá bá jẹ́ ínṣì 29, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 14.5. Bó bá dúró ní 18.5, ó fi ínṣì 4 síwájú, ìyẹn bíi ìdá 13.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín 10 sí 15 ni púpọ̀ nínú ọfà wà. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á tètè tọ́ ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, á sì tètè wálẹ̀ bí àmì bá jìnnà.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: spine, gígùn, orí, insert, irú ọsán, gíga ọsán sí ìdìmú. Bẹ́ ẹ bá pàrọ̀ ọsán Dacron sí èyí tí kì í nà, ẹ tún ìdánwò ṣe, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ rí i dájú pé ọrun náà lè gbà á, torí ọ̀pọ̀ ọrun àtijọ́ kò lè gbà á.

Kẹ́ ẹ tó fi ọfà kábọ̀n èyíkéyìí sọ́sán, ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó ya kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ yí i, ẹ tún un tẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tẹ́tí. Èyí tó bá dún kẹ̀rẹ̀, tàbí tó ní ìlà tí èékánná ń kọ́, kò gbọ́dọ̀ padà sórí ọrun. Ó lè fọ́ sọ́wọ́ tó di ọrun mú. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì kẹ́ ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà he é.