Bí Mo Ṣe Tọ Ọ̀nà Àtijọ́ Méjì Láìkánjú ní Ilẹ̀ Jàpáànù

Nígbà tí mo ń ṣètò ìrìn àjò mi sí ilẹ̀ Jàpáànù, Tokyo ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ètò náà. Kì í ṣe pé ìlú náà kò dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ adìrẹ ni mo ń ṣe jẹun, ibi tí mo ti lè jókòó ti oníṣẹ́ ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́ ni mo sì ń wá. Nítorí náà, ọ̀nà àtijọ́ méjì ni mo fi ṣe atọ́nà: Tōkaidō tí ó gba ìhà etí òkun, àti Nakasendō tí ó gba àárín àwọn òkè. Láyé ìjọba Tokugawa, ìdílé ológun tí ó ṣàkóso Jàpáànù nígbà náà, méjèèjì ni àwọn èrò ń tọ̀ láti Edo, ìyẹn Tokyo òde òní, dé Kyoto; ibùdó ìsinmi 53 ni ó wà lójú ti àkọ́kọ́, 69 sì wà lójú ti èkejì. Èmi kò ní í rìn wọ́n tán. Mo mú ibì kan lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ọkọ̀ ojú irin tí kì í sáré so wọ́n pọ̀.

Arimatsu ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Láti Nagoya, ọkọ̀ ojú irin Meitetsu a máa débẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ní ọdún 1608 ni ìjọba Owari, ìyẹn ìjọba agbègbè Nagoya, kó àwọn ènìyàn wá tẹ ibẹ̀ dó, kí ojú ọ̀nà Tōkaidō má baà dá páropáro fún ẹni tí ń kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó wá sì ní láti wá ohun tí wọn yóò máa tà fún arìnrìn-àjò. Wọ́n ní Takeda Shōkurō ni ó wo bí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti Bungo ní erékùṣù Kyushu wá kọ́ ilé olódi Nagoya ṣe ń di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, tí ó sì sọ ọ́ di òwò. Iná ńlá kan jó ìlú náà ní ọdún 1784. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, wọ́n pa òrùlé koríko tì, wọ́n fi amọ̀ tí ó nípọn rẹ́ ògiri, wọ́n sì fi amọ̀ sísun bo orí ilé. Ẹwà tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, ìbẹ̀rù iná ni ó bí i.

Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní Shibori Kaikan (shibori ni orúkọ iṣẹ́ aṣọ dídì náà), ìyá àgbà kan jókòó síwájú igi kékeré tí ìkọ́ wà lórí rẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ kí wọn kí n tó rántí pé títẹríba ni ti ibẹ̀; wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fà mí sún mọ́ wọn. Wọn a fi ìkọ́ fa aṣọ, wọn a yí òwú mọ́ ọn láti ìdí dé orí, wọn a sì fà á kúrò lẹ́nu ìkọ́; kí n tó mọ ibi tí òwú gbà, wọ́n ti bọ́ sórí òmíràn. Irú ìdì tí ìlú náà mọ̀ ju 100 lọ, ṣùgbọ́n àṣà wọn ni pé ìdì kan ni ẹnì kan máa ń dì mọ́wọ́. Aṣọ kan ṣoṣo a máa ti ilé dé ilé: ẹnì kan yóò ya ọnà rẹ̀, ẹnì kan yóò fi oje òdòdó tí omi lè fọ̀ dànù tẹ àmì sí i lára, àwọn mìíràn yóò dì í, wọn yóò rẹ ẹ́, wọn yóò sì tú u. Ní Abẹ́òkúta, aládìrẹ àti aláró ni ó sábà máa ń yàtọ̀ síra, ẹni tí ó mọ oníko kì í sì í ṣe àjèjì sí alábẹ́rẹ́. Mo gbà pé ètò tiwọn ń mú ọwọ́ yá ju tiwa lọ, àmọ́ kò wù mí, nítorí bí ẹni tí ó mọ ìdì kan bá papò dà láìkọ́ ẹlòmíràn, ìdì náà bá a lọ nìyẹn. Àlejò pẹ̀lú lè di aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀, bí ó bá ti gba àyè sílẹ̀ ṣáájú.

Kí n tó kúrò ní Nagoya, mo fi àpótí mi ránṣẹ́ sí ilé ìtura mi ní Kyoto nípasẹ̀ àwọn akẹ́rù tí iṣẹ́ wọn ń jẹ́ takuhaibin, báàgì ẹ̀yìn kan ni mo sì gbé. Láìṣe èyí, ẹsẹ̀ kò lè rin àfonífojì Kiso, tí Nakasendō gbà kọjá, pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé Nakatsugawa, bọ́ọ̀sì sì gbé mi dé Magome, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ìsinmi Nakasendō. Láti ibẹ̀ dé Tsumago, ibùdó mìíràn lójú ọ̀nà kan náà, tó kìlómítà 8, láàárín igi hinoki àti kedari, pẹ̀lú agogo tí wọ́n gbé kọ́ sójú ọ̀nà kí èrò lè máa lù ú fún béárì gbọ́. Ìhà Magome ni kí ènìyàn ti gbéra, nítorí pé Magome ga ju Tsumago lọ, òkè tí ènìyàn yóò pọ́n kò sì ní í pọ̀ tó ti òdìkejì.

Magome dùn ún wò, ṣùgbọ́n iná jó o ní 1895 àti 1915, ó sì hàn lára ilé rẹ̀. Tsumago ni ó dá mi dúró. Nígbà tí ojú irin Chūō gba ibòmíràn kọjá ní nǹkan bí ọdún 1911, èrò kò tọ ojú ọ̀nà náà mọ́, owó tán, kò sì sí ẹni tí ó lágbára láti wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun. Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968. Ní 1971 àwọn ará ìlú fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní í ta ilé, àwọn kò ní í fi háyà, àwọn kò sì ní í wó o. Wọ́n gbé òpó iná mànàmáná lọ sẹ́yìn ilé, wọn kì í sì í jẹ́ kí mọ́tò gba àárín ìlú ní ọ̀sán. Ìgbà tí mo sùn síbẹ̀ ni mo tó rí ohun tí mo wá wò: àwọn èrò ọ̀sán ti lọ, mo lè dúró sáàárín títì wo bí àjà òkè ṣe yọ síta ju ti ìsàlẹ̀, bí pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ojú fèrèsé ṣe ń jẹ́ kí ará ilé rí òde tí ará òde kò sì rí wọn, àti bí ọ̀nà ṣe yà bàrá níbì kan kí ọ̀tá má baà lè já wọ ìlú tààrà.

Mo padà sí Nagoya. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin Shinkansen tí ń sáré gan-an ìbá gbé mi dé Kyoto ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Ọkọ̀ tí ó ń dúró káàkiri ni mo wọ̀, kí n lè sọ̀ ní Kusatsu, níbi tí Tōkaidō àti Nakasendō ti pàdé, tí òkúta kan sì ń tọ́ka sí ọ̀nà méjèèjì. Ilé tí àwọn ìjòyè máa ń wọ̀ sí nígbà náà ṣì wà níbẹ̀, ènìyàn sì lè wọlé lọ wò ó. Ipò ni wọ́n fi kọ́ ọ: ilẹ̀ iyàrá olóyè ga díẹ̀ ju ti iyàrá tó kù lọ, kò sì sí ẹni tí yóò wọlé tí kò ní í mọ ibi tí òun yẹ kí ó jókòó.

Afárá Sanjō ní Kyoto ni ọ̀nà méjèèjì parí sí. Igi ni wọ́n fi ṣe ọgbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kankéré ni ara rẹ̀, bọ́ọ̀sì àti takisí sì ń gba orí rẹ̀ lọ gìrìgìrì. Mo rìn ín já, mo sì lọ gba àpótí mi.