Ìrìn ọjọ́ kan lórí Appalachian Trail: láti Woody Gap dé Neel Gap

Appalachian Trail, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ tó gba orí àwọn òkè ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, gùn ju máìlì 2,190 lọ, láti Springer Mountain ní Georgia títí dé Katahdin ní Maine. Ẹni tí kò ní oṣù mẹ́fà láti fi rìn ín lè mú ọjọ́ kan nínú rẹ̀ ní Georgia, láti Woody Gap dé Neel Gap, bíi máìlì 11 (kìlómítà 17). Títì ọkọ̀ kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, nítorí náà ẹ lè kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kan sí Neel Gap.

Ẹ má fi ìrìn títì díwọ̀n ìrìn òkè. Wákàtí kan ni kìlómítà 5, ẹ sì fi wákàtí kan mìíràn kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Tí ẹ bá pe gígun ọ̀nà yìí ní mítà 800, ó sún mọ́ wákàtí márùn-ún, láì tíì ka ìsinmi, omi bíbù àti òkúta. Wákàtí méje ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ gbéra ní aago méje àárọ̀, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà nínú àpò síbẹ̀.

Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan, ìdí nìyẹn tí lítà méjì fi tó láti gbé kúrò ní Woody Gap. Lẹ́yìn bíi máìlì mẹ́ta ààbọ̀, ẹ ó kan odò kékeré kan, Lance Creek. Ẹ bu omi kún gbogbo ìgò níbẹ̀, ẹ sì sẹ́ ẹ, nítorí kò sí omi lórí Blood Mountain, òkè ńlá tó wà níwájú. Tí omi inú asẹ́ bá dì nínú òtútù, asẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ojú kò sì ní rí i; nínú oṣù kẹta, inú àpò ẹ̀wù ni kó máa gbé.

Àmì funfun ara igi, tó fẹ̀ ní ínṣì 2, tó sì ga ní ínṣì 6, ni ẹ ó máa tẹ̀ lé. Tí méjì bá wà lórí ara wọn, ọ̀nà fẹ́ yà. Àmì búlúù ń lọ síbi omi tàbí ilé ìsùn. Tí ẹ bá rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì rí àmì kankan, ẹ padà síbi tí ẹ ti rí èyí tó kẹ́yìn. Wíwá ọ̀nà àbùjá gba inú igbó ló ń sọ èèyàn nù.

Ẹsẹ̀ ló ń ba ọjọ́ jẹ́ jù. Bí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín bí iná, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà ìsinmi. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ tó bá tutù. Bí awọ bá ti wú, tó kún fún omi, téèpù kò lè dá a padà mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú kò dára níbí: ó ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ.

Kí ẹ tó gun òkè, ẹ bọ́ súwẹ́tà kan sílẹ̀, kí òógùn má baà rin aṣọ gbingbin kí atẹ́gùn tó bá yín lókè. Ẹ gbé ìṣísẹ̀ kékeré. Tí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ láì mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ti ń yára jù.

Blood Mountain ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4,458. Kò sí ibi tó ga jù ú lọ lórí ọ̀nà yìí ní Georgia. Ẹ jẹun níbẹ̀, àmọ́ tí àrá bá ń sán, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá. Ìsọ̀kalẹ̀ sí Neel Gap kò ju máìlì méjì ààbọ̀ lọ, síbẹ̀ ó ju ẹsẹ̀ bàtà 1,300 lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òkúta lásán ló sì pọ̀ jù. Ẹ so okùn bàtà le dáadáa ní ọrùn ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka ẹsẹ̀ á máa gbá iwájú bàtà títí èékánná fi máa dúdú. Ẹ fa ọ̀pá ìtilẹ̀ gùn díẹ̀, kó gba ẹrù lórí orúnkún. Òkúta pẹrẹsẹ tí òjò pa ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Ní Neel Gap, igi kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi bàtà ògbólógbòó kọ́ káàkiri ara rẹ̀. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti etí aṣọ fún eégbọn.