Bí mo ṣe wọ ẹ̀rọ MRI láìsá jáde

Lọ́mọdé, inú àpótí aṣọ ìyá mi ni mo máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn ogójì ọdún ni ẹ̀rù ibi tó há bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí: ìjókòó ẹ̀yìn dáńfó ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, ó kan ẹ̀rọ agbéniròkè, títí mi ò fi lè ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́. Àyà mi á máa lù kì-kì-kì, òógùn á bò mí.

Ni dókítà bá ní kí n ya MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Wọ́n tì mí sínú ihò tóóró ẹ̀rọ náà, mo figbe ta. Oògùn ìfọkànbalẹ̀ kàn mú mi tòògbé ni.

Ohun tó ṣiṣẹ́: olùtọ́jú ọpọlọ kan ní bí mi ò bá sá, ẹ̀rù náà á ga, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, orí níta lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá gbogbo ara. Mi ò jáde àfi tí àyà bá balẹ̀. Mo ń mí síta pẹ́ ju bí mo ṣe ń mí sínú lọ.

Lọ́jọ́ náà, mo fi aṣọ bo ojú kí wọ́n tó tì mí wọlé (ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé tán), mo sì di bọ́tìnì ìpè mú. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹ béèrè ohun ìdíwọ́ etí. Wọ́n yà á parí.

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Tí àyà bá ń dùn yín, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn yín wò. Èmi ṣì ń gba àtẹ̀gùn tí ẹ̀rọ agbéniròkè bá kún.