Bí A Ṣe Ń Gbé Sísán Tín-ínrín Inú Àpáta Sínú Àwọ̀n Finite Element 3D

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkìtì, àpáta líle ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀, omi kànga dẹ̀rọ sì sábà máa ń gba ojú ibi tí àpáta náà ti sán wá, nítorí pé ara àpáta fúnra rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí omi kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí omi ṣe ń rìn dé kànga kò lè fojú fo àwọn sísán wọ̀nyí, bí wọ́n tilẹ̀ tín-ínrín bí irun orí. Finite element ni ọ̀nà ìṣirò tí ó ń pín àpáta sí ègé kéékèèké tí à ń pè ní ẹ́límẹ́ǹtì; gbogbo ègé náà lápapọ̀ ni àwọ̀n, ibi tí igun wọn ti pàdé sì ni kókó.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni kí ènìyàn ya sísán bí pátákó tí ó ní nínípọn. Ẹ jẹ́ kí a mú sísán kan tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 10, tí àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ mílímítà 0.1. Bí ẹ́límẹ́ǹtì inú rẹ̀ yóò bá gùn, fẹ̀, kí ó sì nípọn bákan náà, bílíọ̀nù 10 ni a ó nílò fún sísán kan ṣoṣo. Bí a bá sì fẹ̀ wọ́n kí iye wọn lè dín kù, wọn yóò di pẹlẹbẹ débi pé ìṣirò kò ní dúró déédéé mọ́.

Ohun tí ó yẹ ni pé kí a yọ nínípọn kúrò nínú àwòrán. Ẹ ya sísán gẹ́gẹ́ bí ojú lásán tí a ó fi ẹ́límẹ́ǹtì onígun mẹ́ta bò, kí àlàfo rẹ̀ sì di nọ́ńbà nínú ìṣirò. Nínú Gmsh, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwọ̀n, ẹ fi OpenCASCADE tí ó wà nínú rẹ̀ fún yíya àwòrán ya àpáta àti gbogbo sísán, lẹ́yìn náà kí ẹ lo BooleanFragments, àṣẹ tí ó ń gé wọn níbi tí wọ́n ti pàdé, kí gbogbo onígun mẹ́ta orí sísán lè jẹ́ ojú ẹ́límẹ́ǹtì àpáta ní ìhà méjèèjì, kí àwọn sísán tí ó kọjá lára ara wọn sì ní kókó àwọ̀n kan náà lórí ìlà tí wọ́n ti pàdé. Bí kókó wọn kò bá papọ̀, omi kò ní kọjá láti inú ọ̀kan sí èkejì, bí àwòrán tilẹ̀ fi hàn pé wọ́n kan ara wọn. Ẹ fún sísán kọ̀ọ̀kan ní Physical Surface (àmì ìdánimọ̀ fún ojú) tirẹ̀, kí ẹ sì fún àpáta náà ní Physical Volume (àmì ìdánimọ̀ fún odidi), nítorí pé bí ẹ bá ti lo Physical, Gmsh kì í kọ ohun tí kò bá sí lábẹ́ rẹ̀ sínú fáìlì, àyàfi tí ẹ bá pàṣẹ fún un.

Ibi tí sùúrù ti ń tán ni ibi tí sísán kan ti parí ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí òmíràn, tàbí tí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Àwọ̀n yóò há mọ́ àlàfo kékeré yẹn. Ní tèmi, kí a sún ọ̀kan títí yóò fi kan èkejì, tàbí kí a gé e kúrú, sàn ju kí a máa bá àwọ̀n jà lọ, níwọ̀n ìgbà tí àtúnṣe náà kò bá yí ọ̀nà omi padà.

Iye omi tí sísán lè gbé ni T = ρgb³/12μ, níbi tí ρ ti jẹ́ ìwúwo omi, g òòfà ilẹ̀, μ kíki omi, b sì jẹ́ àlàfo. Fún mílímítà 0.1, T tó 8.2 × 10⁻⁷ m²/s. Bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, T yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ lórí b ju ohunkóhun lọ.

Àmọ́ bí amọ̀ bá dí sísán náà, tí ó wá ń dí omi lọ́nà, kókó kan ṣoṣo kò tó, nítorí pé ìfúnpá omi ní ìhà méjèèjì kò ní jẹ́ ọ̀kan náà mọ́. Ẹ lo Crack plugin inú Gmsh láti sọ kókó orí rẹ̀ di méjì-méjì, ṣùgbọ́n kí etí sísán tí ó parí sínú àpáta wà ní ẹyọ kan.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀n náà, ẹ fi sísán kan ṣoṣo dán an wò, irú èyí tí mo mẹ́nu kàn lókè, tí ó ti etí kan àpáta dé etí kejì, láìjẹ́ kí omi gba inú àpáta. Bí ìpele omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ní etí kan ju èkejì lọ, nǹkan bíi lítà 7 ni ó yẹ kí ó kọjá lóòjọ́. Bí iye tí ẹ rí bá jìnnà sí i, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá T ni ẹ kọ síbi tí ètò ìṣirò yín ti ń retí T tí a ti fi b pín, nítorí pé ètò mìíràn a máa fi àlàfo sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra rẹ̀.