Bí A Ṣe Ń Wá Labalábá Long-tailed Blue ní Etíkun Gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá fẹ́ rí Long-tailed Blue ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó yéé wo òkè. Òdòdó kan ni kó máa wá. Labalábá yìí kéré, eré burúkú ló ń sá lójú afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún sì wà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ń fojú kàn án. Òdòdó tó ń yé ẹyin sí kò ní ìyẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ lè ti mọ gbogbo ibi tó hù sí kí labalábá náà tó dé rárá.

Àlejò ló jẹ́ níbẹ̀. Gúúsù Yúróòpù àti Áfíríkà ló ti pọ̀, inú èso ẹ̀wà ni ìdin rẹ̀ sì ti máa ń jẹun, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n kì í dunnú bí wọ́n bá rí i. Láti ilẹ̀ Faransé ló ti ń fò kọjá òkun wọ Kent àti Sussex, àwọn àgbègbè tó wà ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1859 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Gẹ̀ẹ́sì, lápá ìlú Brighton ní Sussex. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún ló ń yọjú, àfi àwọn ọdún díẹ̀ bíi 1945 tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọdún 2013 ló yí ọ̀rọ̀ padà: àwọn tó dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yé ẹyin káàkiri etíkun náà, àwọn ọmọ wọn sì jáde kí òtútù tó mú. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2015 àti 2019. Àmọ́ òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n rí ọdún kejì. Èyí tí ẹ bá rí lọ́dún kan, yálà kó jẹ́ pé òun gan-an ló fò wọlé, tàbí kó jẹ́ ọmọ èyí tó fò wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ wá òdòdó náà

Everlasting pea ni wọ́n ń pè é. Inú ìdílé ẹ̀wà ló wà, ó ń fà bí ìtàkùn, ó sì ń fi okùn tín-ínrín gbá ọgbà àti igbó mú. Ewé rẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì, igi rẹ̀ ní ìgbátí pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, òdòdó rẹ̀ sì wà láàrin pupa fẹ́ẹ́rẹ́ àti àlùkò. Ọgbà ilé àwọn èèyàn ló ti sá jáde, nítorí náà ẹ má ṣe retí rẹ̀ nínú igbó kìjikìji. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ràn láti rìn ló ti ń gbilẹ̀: ẹ̀bá ojú irin, ẹ̀yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ̀gbẹ́ oko kéékèèké tí àwọn ará ìlú ń háyà, àti ìdí òkè ẹfun létí òkun. Àwọn igi mìíràn wà tó tún ń yé sí, bíi bladder senna, àmọ́ tí mo bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, everlasting pea nìkan ni màá tẹ̀ lé.

Oṣù keje ló dára jù láti ṣe iṣẹ́ yìí, torí òdòdó ti là, ẹ ó sì rí àwọ̀ rẹ̀ láti òkèèrè. Ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí i lórí máàpù fóònù yín. Ibi tí oòrùn ń pa, tí igi tàbí òkè sì dáàbò bò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, ni kí ẹ fi sí iwájú. Ìtàkùn tó wà lójú afẹ́fẹ́ òkun gan-an kì í sábà mú nǹkan wá.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Àwọn tó wá láti òkèèrè lè dé láti oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n wọn kì í pọ̀. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí síbẹ̀ ló máa ń fún èèyàn láyè jù, láti ìparí oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹwàá. Nígbà tí ooru bá ti mú fún ọjọ́ mélòó kan, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wá láti gúúsù, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí Clouded Yellow, labalábá aṣíkiri mìíràn, létíkun, ẹ múra. Ọjọ́ tí oòrùn ràn ni kí ẹ lọ, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí kùrukùru bá bò ó, wíwá labalábá fúnra rẹ̀ kò wúlò mọ́, àmọ́ ẹyin kò bìkítà nípa oòrùn.

Ẹ wá ẹyin kí ẹ tó wá ìyẹ́

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Wọ́n á dúró ti òdòdó fún wákàtí kan, wọn ò ní rí nǹkan kan tó fò, wọ́n á sì lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rí wà lójú wọn. Ìrudí òdòdó, ìyẹn èyí tí kò tíì là, ni abo máa ń yé sí, ní ìdí rẹ̀ níbi tí ife kékeré aláwọ̀ ewé tó gbá a mú wà. Ẹyin náà funfun, ó pẹlẹbẹ, kò sì tó orí abẹ́rẹ́. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání. Ẹ di ọ̀pá òdòdó mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yẹ ìrudí kọ̀ọ̀kan wò yíká. Ẹ má já a, nítorí bí òdòdó bá rọ, ìdin inú rẹ̀ kú nìyẹn.

Bí ẹ bá bá ihò róbótó lára òdòdó tàbí èso, ó lè jẹ́ ìdin ló gbabẹ̀ wọlé. Èèrà tó ń rìn lọ rìn bọ̀ níbẹ̀ náà yẹ ní wíwò, torí èèrà máa ń tẹ̀ lé ìdin yìí láti lá omi dídùn tó ń jáde lára rẹ̀.

Ẹyin nìkan kò tó láti fi pariwo, torí àwọn labalábá mìíràn ń yé ẹyin tó jọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ìtòsí.

Nígbà tí labalábá bá yọ

Akọ máa ń ní ibùjókòó tirẹ̀ nítòsí òdòdó. Bí labalábá mìíràn bá kọjá, á dìde lé e, wọ́n á yí bírí-bírí lọ sókè, ojú yín ò ní gbà wọ́n mọ́. Ẹ má sá tẹ̀ lé e. Ẹ dúró síbi tó ti dìde, torí ó sábà máa ń padà sórí ewé kan náà tàbí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Abẹ́ ìyẹ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe òkè rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oríṣiríṣi labalábá búlúù, gbogbo wọn ló sì jọra nígbà tí wọ́n bá ń fò. Abẹ́ ìyẹ́ Holly Blue funfun tó ní àmì dúdú wínníwínní. Ti Common Blue ní ẹ̀kán àwọ̀ ọsàn yíká etí rẹ̀. Ti Long-tailed Blue ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ lórí àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀já funfun kan sì là á kọjá nítòsí etí. Ní igun ìyẹ́ ẹ̀yìn, ojú dúdú méjì wà tí àwọ̀ ọsàn yí ká, ìrù tín-ínrín kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bó bá jókòó, ó máa ń fi ìyẹ́ ẹ̀yìn ra ara wọn kí ìrù náà lè máa mì bí ìwo, kí ẹyẹ rò pé orí ló wà níbẹ̀. Ẹyẹ ń gbà á gbọ́ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ti sọ ìrù nù. Bí ẹ ò bá rí ìrù, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ gbára lé.

Ẹ ṣọ́ra, kí ẹ sì jábọ̀

Ẹ má wọ ojú irin, nítorí ó lòdì sí òfin. Ẹ̀yìn ọgbà ni kí ẹ ti wò. Òkè ẹfun máa ń ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ jìnnà sí etí rẹ̀ lókè, ẹ má sì jókòó sí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí òdòdó bá wà nínú ilẹ̀ oní-ilẹ̀, ẹ tọrọ àyè.

Ẹ fi fọ́tò, ọjọ́, iye tí ẹ rí àti ibi tí ẹ ti rí i gan-an ránṣẹ́ sí Butterfly Conservation, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo labalábá, tàbí sórí iRecord, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ ohun abẹ̀mí tí wọ́n rí sílẹ̀, níbi tí àwọn tó mọ̀ nípa labalábá á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ẹyin ni ẹ rí, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ ka oṣù kan àbọ̀ sí méjì síwájú, kí ẹ sì padà sídìí ìtàkùn yẹn lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, láti wo labalábá tó bá jáde.